Ọfà tí a kò gbọdọ̀ pín

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe kí ó wú u tán nísinsìnyí, nítorí bí ẹsẹ̀ mi bá ti wọ igbó ìtàn, n kì í dúró de ẹni tó ń wá bàtà. Ẹ mọ̀ mí, ẹ sì mọ ìbọn mi. Ẹfọ̀n tó bá gbọ́ òórùn tábà mi a máa yà sínú odò, a ní òun fẹ́ wẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ni, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ, ọkùnrin tí kì í gbé ìbọn kọ́ èjìká láì kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí inú bá ń bí ẹnikẹ́ni, kí ó wá bá mi nílé.

Ní agboolé Ọdẹ́rìndé, òfin kan wà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ju ọba lọ. Ohunkóhun tó bá ti òde wọlé, a kì í dá a jẹ. Bí ọdẹ bá pa ìgalà, itan jẹ́ ti Bàbá Àgbà, olórí agboolé. Àyà jẹ́ ti àwọn ìyàwó ilé. Ọrùn jẹ́ ti ẹni tó bá a ru ẹran. Aláìsàn tí kò lè dìde pàápàá, wọn a gbé omi ọbẹ̀ bá a lórí ẹní. Òfin rere ni. Ìyàn mú ní ìlú náà rí, kò sì sí ẹni tó fi ebi sùn ní agboolé yẹn. Síbẹ̀, òfin rere yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìbídùn, aya Ọdẹ́rìndé.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ ń ta Ìbídùn. Bí ó bá tọ̀, a dà bí ẹni pé ata lílọ̀ ló ń jáde lára rẹ̀, kò sì ní tíì dìde tán kí ìtọ̀ tó tún máa gbọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fún un ní kápúsù, ó ní, “Ìyá Ìdòwú, ẹ lò ó tán o. Bí ara bá yá pàápàá, ẹ lò ó tán.” Ìbídùn gbé oògùn délé. Oògùn ti òde wọlé nìyẹn. Bàbá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó pín kápúsù bí ẹni pín ìgalà. Ó fún ẹni tí eyín ń dùn, ó fún oníkọ́, ó tú ọ̀kan sójú egbò ẹni tó fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì gbé ọ̀kan mì fúnra rẹ̀, torí pé itan kò gbọdọ̀ kọjá òun. Díẹ̀ ló kù fún Ìbídùn. Ó lo díẹ̀ náà, ara tù ú, gbogbo ilé sì ní ẹ ò rí i bí àjọjẹ ti dára tó.

Àìsàn náà padà dé. Wọ́n gba oògùn mìíràn, wọ́n pín in. Ó tún padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí ó gun ẹ̀yìn obìnrin náà, ó dé kíndìnrín, ibà sì dè é mọ́ ẹní. Wọ́n wá fún un ní oògùn lódidi, láì pín in rárá, ńṣe ló dà bí ẹni da omi sẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ.

Nọ́ọ̀sì mi orí. “Ọdẹ, àwọn kòkòrò àìsàn tó wà lára ìyàwó yín ti mọ ìbọn wa. Wọ́n ti mọ èyí tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. N kò mọ ohun tí wọ́n ṣì ń bẹ̀rù. Àfi ẹni tó bá lè bi wọ́n léèrè.”

“Èmi ó bi wọ́n,” ni Ọdẹ́rìndé wí.

Ìbídùn la ojú lórí ẹní. “Bàbá Ìdòwú, mo mọ̀ yín. Ẹ má lọ máa lé òkété kiri lọ́nà. Ẹ̀mí mi ni ẹ ń lé.”

Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, ó gbé ìbọn. Ẹ má bi mí bí ó ti rìn. Ọdẹ tó bá ń ka ìgbésẹ̀ ara rẹ̀, ẹran ni yóò bá a kà á tán. Ó kọjá ibi tí igi ti mọ ènìyàn, ó dé ibi tí igi kò mọ ènìyàn, ó sì wọ Igbó Ọlọ́wọ́-Ìkọ́.

Odò kan ń ṣàn níbẹ̀. Omi rẹ̀ pọ́n bí omi àgbo, èéfín ń rú lórí rẹ̀, ó sì ń gbá gbogbo nǹkan lọ: igi, òkúta, òkú ẹran. Ṣùgbọ́n àwọn ará igbó náà kò lọ. Ògiri pupa ni etí odò lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì fi ọwọ́ tó rí bí ìwọ̀ ẹja rọ̀ mọ́ ọn. Bí omi ti ń já wọn ni wọ́n ń mì dìrọ̀dìrọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Olórí wọn ń jẹ́ Rọ̀mọ́giri.

“Kí nìyí?” ni Rọ̀mọ́giri wí. “Àlejò ni àbí oúnjẹ?”

“Ọdẹ́rìndé ni mí. Mo fẹ́ rí ọba yín.”

“Ọdẹ ni. Ẹnu rẹ̀ tóbi ju ìbọn rẹ̀ lọ. Yìn ín kí n gbọ́, etí ń yún mi.”

Ọdẹ́rìndé yìn ín. Mo mọ ìbọn yẹn o, ẹ̀yin ará. Bí ó bá dún, àpáta a máa tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Ọta náà bá Rọ̀mọ́giri láyà, ó sì fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹ̀wà tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Rọ̀mọ́giri ṣà á nílẹ̀, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

“Adùn yìí kò ṣàjèjì sí mi. Agboolé wo lo ti wá?”

Ọdẹ́rìndé dárúkọ agboolé rẹ̀. Ẹ̀rín dákẹ́ lórí ògiri, Rọ̀mọ́giri sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ará ilé olóore wa ni. Bàbá tó máa ń jókòó sórí àpótí, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà? Ọwọ́ wọn la ti jẹ ọta àkọ́kọ́ tí a fi hu eyín. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bù ú fún wa, bí ẹni ń fún ọmọdé lẹ́kọ. Ká ní wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lé ẹnìkan lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni, ta ni ì bá kù nínú wa tí yóò máa kí ọ?”

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ọdẹ́rìndé ju ọ̀kọ̀ lọ. Bí ọ̀tá bá bú wa, a ó bú u padà. Ọ̀tá tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ńkọ́?

Wọ́n fà á lọ sí ìlú wọn. Ìlú búburú ni. Ọkùnrin kan dojú kọ ọ́, ó ní, “Ẹ kú…” Kò tíì sọ ọ́ tán tí ara rẹ̀ fi là sí méjì láti orí dé ìdí, àwọn méjèèjì sì parí rẹ̀ pọ̀, “…ìrìn.” Kí Ọdẹ́rìndé tó dá wọn lóhùn wọ́n ti di mẹ́rin, inú sì ń bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé ọmọ yìí kò kẹ́kọ̀ọ́ ilé, kò kí gbogbo wọn.

Níwájú ààfin, ó rí ọ̀kan tó gbé asà dání pàdé ẹlòmíràn tí kò ní asà, tí àwọ̀ rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹni àkọ́kọ́ na ẹran kan jáde láti ìhà rẹ̀ bí ọ̀pá oníhò, ó kì í bọ ara ẹnì kejì, asà tuntun sì gba inú rẹ̀ kọjá. Asà ti àkọ́kọ́ kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé ìbátan rẹ ni?” Ọdẹ́rìndé bi í.

“N kò rí i rí láyé mi. Ẹ̀yà tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti òde wọlé, a kì í dá a lò. Ṣé o gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí?”

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń fi òwe ilé ẹni na ẹni. Ọdẹ́rìndé sì rí ohun tó bà á lẹ́rù ju gbogbo eyín wọn lọ: ohun tí ọmọ ènìyàn bá pín a máa kéré sí i, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn wọ̀nyí pín, ńṣe ló ń pọ̀.

Ọba wọn ń jẹ́ Àṣẹ́kù. Orí òkìtì ọta tí kò pa ẹnikẹ́ni ló jókòó lé. Kò dìde, kò sì ní kí àlejò jókòó.

“Èmi Àṣẹ́kù ọmọ Àṣẹ́kù. Ogun jà, ó pa àwọn ọ̀lẹ inú wa, ó rẹ̀ ẹ́, ó padà sílé, bàbá mi ló kù. Ogun tún jà, ó tún rẹ̀ ẹ́, èmi ló kù. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìwọ ọdẹ, mo ní àlọ́ kan fún ọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, a ó jẹ ọ́. Ọkùnrin kan wọ inú igbó, ó pa àwọn aláìlera inú ẹran, ó fi àwọn alágbára sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bímọ. Ta ni?”

“Òmùgọ̀ ọdẹ ni.”

“Òmùgọ̀ ní orúkọ. Dárúkọ rẹ̀.”

Ẹnu ọmọ kò gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú bá a pe orúkọ Bàbá Àgbà pẹ̀lú oríkì, ilẹ̀ sì mì.

Inú ọba dùn. Ẹ mọ alágbára tí inú rẹ̀ dùn: kò ní í pẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan hàn. Ó na ìka sí ògiri ààfin níbi tí wọ́n fi asà kọ́ lórí èèkàn. “Wò ó. Asà kápúsù pupa nìyẹn. Èyí, asà abẹ́rẹ́ ni. Èyí, ti hóró funfun tí ẹ máa ń rà létí ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Èyí, ti oògùn tó wọ́n, tí ẹ ní kò sí irú rẹ̀. Irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn.”

Ṣùgbọ́n ọdẹ ni Ọdẹ́rìndé. Ọdẹ mọ̀ pé ìyá ẹran kì í wo ìgbẹ́ tó fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sí. Ìka ọba ń lọ láti èèkàn dé èèkàn, ó sì fo ọ̀kan.

“Kábíyèsí, kí ni ẹ máa ń fi kọ́ ibi yẹn?”

Ẹnìkan tó ń là sí méjì dúró sí ìdajì, orí méjì, ìdí kan.

“Eruku,” ni ọba wí.

“Mo rí eruku. Asà dà?”

“Kí la fẹ́ fi asà ṣe níbẹ̀? Ta ló ń ta ọfà yẹn mọ́? Ọfà àtijọ́ ni, kúkúrú, ó korò bí ewúro. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbàgbé rẹ̀ sọ́dọ̀ Ìyá Ìpamọ́ lórí àpáta, ẹ ń sáré tẹ̀ lé àwọn tuntun tó ń dán.” Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. “Ẹ pa á.”

“Kábíyèsí, ará ilé olóore ni,” ni Rọ̀mọ́giri wí.

“Bàbá rẹ̀ ni olóore. Èyí ń béèrè ìbéèrè.”

Wọ́n yọ ìkọ́ sí i. Wọ́n fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, wọ́n fa awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ya, wọ́n gba ìbọn rẹ̀, wọ́n rún un jẹ bí ìrèké. Ọdẹ́rìndé ké pe Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Olúwa tí kò kẹ̀yìn sí ọkùnrin tó wà nínú ìpọ́njú rọ òjò sí orísun odò náà, omi kún, ó bo ìlú, ó ń ru gùdù. Àwọn ará ìlú di ògiri mú. Ọdẹ́rìndé kò di nǹkan kan mú. Ó bẹ́ sínú rẹ̀, ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀, ìṣàn náà sì gbé òun àti ọ̀pọ̀ wọn tí ìkọ́ wọn kò tíì le jáde kúrò ní ilẹ̀ búburú náà.

Ó jí ní ẹsẹ̀ àpáta. Òkúta ló kọ́kọ́ bà á lórí. Obìnrin arúgbó kan wà lókè, ó tún ti ṣa òmíràn.

“Padà. Ọmọ ènìyàn kò ní nǹkan kan níbí.”

“Ìyá, ẹ káàsán.”

“Ọ̀sán kò kàn ọ́. Padà.”

“Ìyàwó mi ń kú lọ, Ìyá.”

“Àwọn tó wá ṣáájú rẹ náà ní ìyàwó. Mo kó ọfà ọwọ́ ọ̀tún mi fún wọn. Kí ni wọ́n fi ṣe? Wọ́n fi bọ́ adìẹ kí ó lè tètè sanra. Wọ́n fi lé ikọ́ tí oyin ì bá lé lọ. Wọ́n tọ́jú àjẹkù sábẹ́ ìrọ̀rí de àìsàn tí wọn kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Wo ọwọ́ ọ̀tún mi.” Ó na án. Ó ṣófo. “Ti òsì yìí ló kù. N kò ní í fún ọ.”

Ọdẹ́rìndé kò jà. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ àpáta, ó ní òun kò ní ilé tí òun ń lọ bí Ìbídùn kò bá sí níbẹ̀. Ìyá Ìpamọ́ sọ̀kò bá a títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú apó ọfà kan àti ọrun, ó fi omi kan nu ojú Ọdẹ́rìndé kí ó lè máa rí ọ̀tá, kò sì rọra nù ún.

“Gbogbo apó, ara kan ṣoṣo. Ní òwúrọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, títí yóò fi tán. Bí ó bá dìde, ta. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ta. Bí o kò bá rí ọ̀tá kankan mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kí o ta.”

“Bí ìyá tó bí mi bá wá bẹ̀ mí ńkọ́?”

“Ìyá rẹ ni yóò wá. Ta lo rò pé ó ba ti àwọn yòókù jẹ́, ọ̀tá?”

Nígbà tí ó délé, Bàbá Àgbà ti wà lórí àpótí, gbogbo agboolé sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú abọ́.

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Kí lo mú bọ̀?”

“Ọfà ni, Bàbá. Ti Ìbídùn ni.”

“Ohun tó bá ti òde wọlé…”

“A kì í dá a jẹ. Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Bó bá ṣe ẹran ni, ǹ bá ti gbé itan wá bá yín, kí n máa họ egungun jẹ. Èyí kì í ṣe ẹran. Bí a bá bù ú sí wẹ́wẹ́, kò ní pa ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Yóò kàn kọ́ wọn ní ogun ni.”

“Orúnkún ń dùn mí.”

“Orúnkún yín kò ní ọ̀tá tí ọfà yìí mọ̀, Bàbá. Ọjọ́ orí ni.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. “Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ilé yìí dó, ìwọ ni àkọ́kọ́. Ahun. A ó rí ẹni tí yóò bá ọ ru ẹran.”

Ọdẹ́rìndé wọ yàrá, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó rí wọn. Wọ́n rọ̀ mọ́ gbogbo ògiri yàrá Ìbídùn bí ìgbín lẹ́yìn òjò, wọ́n ń fi ibà rẹ̀ yá iná. Ó ta ọfà àkọ́kọ́, kíkorò kún ẹnu Ìbídùn, ọ̀wọ́ kan sì já bọ́ láti ara ògiri láìfọhùn. Wọ́n gbé asà sókè, asà kápúsù, asà abẹ́rẹ́; ọfà àtijọ́ náà gba inú wọn kọjá. Ní òwúrọ̀ ó ta, ní ìrọ̀lẹ́ ó ta.

Àwọn ará ilé ń yọjú lójú fèrèsé. Wọn kò rí ọ̀tá kankan.

“Ògiri ló ń ta.”

“Ó dára. Ògiri ti ṣe é nǹkan rí.”

“Ẹ wo bí ó ti ń fi ohun tó lè wo eyín mi ṣòfò.”

Ibà lọ. Ìbídùn dìde jókòó, ó mu ògì, ó sì tọ̀ láì ké. Apó kò tíì ṣófo. Òun fúnra rẹ̀ ló di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

“Bàbá Ìdòwú, ara mi ti yá. Ẹ jẹ́ n gbé èyí tó kù lọ fún Bàbá Àgbà. Èmi ni n óò máa bá wọn pọn omi nínú ilé yìí, èmi ni wọn yóò máa kẹ̀yìn sí nídìí ààrò. Kì í ṣe ẹ̀yin.”

“Mo mọ̀,” ni Ọdẹ́rìndé wí. “Bínú sí mi, ṣùgbọ́n wà láàyè kí o lè bínú.” Ó sì ta.

Ó ku ọ̀kan. Ògiri ti mọ́ tónítóní. Ilẹ̀kùn ṣí, ìyá Ọdẹ́rìndé wọlé, obìnrin tí orí rẹ̀ ti funfun bí òwú, ó sì kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí.

“Rìndé, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ọ̀kan péré. Wọ́n ní bí ọwọ́ mi bá ṣófo jáde níbí, wọn kò ní bá mi jẹun mọ́.”

Ọdẹ́rìndé dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀ tòun ti ọrun lọ́wọ́. Omijé rẹ̀ rin ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láàyè, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe, kí ẹ má sì parọ́ fún mi. Ojú yín ni mo ń wò.

“Ìyá mi, ẹ fi mí bú. N kò lè fún yín.”

Ó dìde, ó wo ògiri, kò rí nǹkan. Ó wo òrùlé, ó wo abẹ́ ẹní, kò rí nǹkan. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ọfà yìí ti di òfò. Ó fa ọrun sí kọ̀rọ̀ òfìfo kan, ó ní, “Olúwa, ojú tìrẹ ni kí o fi wò ó,” ó sì tú u sílẹ̀.

Igbe kan sọ nínú kọ̀rọ̀ náà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ohùn ẹ̀fọn. Nǹkan kan já bọ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ikú sì bọ́ ìbòjú lára rẹ̀, gbogbo wọn rí i. Ó kéré ju gbogbo àwọn tó kú lọ. Asà ni ó ń hun lọ́wọ́. Asà tuntun ni, kúkúrú, a ti fi ewúro kun ún, ó bá ọfà Ìyá Ìpamọ́ mu gẹ́lẹ́. Etí rẹ̀ kan ló kù kí ó di.

Ìyá Ọdẹ́rìndé wò ó pẹ́. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá òkú náà tòun ti asà rẹ̀ sínú abọ́ tó gbé wá, ó gbé e jáde, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú Bàbá Àgbà.

“Ìpín yín rèé,” ni ó wí. Ó lọ sídìí ààrò, ó gbé omi kaná fún ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Bàbá Àgbà wo inú abọ́ títí. Ó ní, síbẹ̀síbẹ̀, orúnkún ń dun òun.

Mo ti mú yín dé ibi tí ẹsẹ̀ mi lè dé. Kí Olúwa fi ọgbọ́n sí ọwọ́ tó ń pín, kó fi sí ọwọ́ tó ń gbà. Ẹ gbé àga yín. Ẹni tí àjẹkù kápúsù wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ mọ ara rẹ̀.